Òróró Ìdí Kọ̀ǹpútà Tísà Agnes

Kí n tó sọ̀rọ̀ Tísà Agnes, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ara mi, kí ẹ má baà rò pé èèyàn jẹ́jẹ́ ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Yésúfù lorúkọ mi. Kọ̀ǹpútà ni mò ń tún ṣe ní Ìkòtún, lórí òkè kejì ilé ìtajà kan tí kò jìnnà sí ọjà, ó sì ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún tí mo ti wà níbẹ̀. Inú mi kì í pẹ́ bí. Oníbàárà tó bá da tíì sórí bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà rẹ̀, tó wá ń wí pé òun ò mọ ohun tó ṣe é, mo máa ń bá a jà. Èyí tó bá ní ìyàwó òun ló da tíì, mo máa ń bá a jà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n mọ̀ mí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń padà wá, torí pé tí mo bá tún nǹkan ṣe, ó máa ń ṣe é lò.

Ẹnì kan péré ni mi ò gbọdọ̀ jágbe mọ́ ní gbogbo Alímọ̀ṣọ́, òun náà sì ni mo padà jágbe mọ́. Ó ń dùn mí títí di òní, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí mo wọ kíláàsì Tísà Agnes, ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìkòtún níbí. Ọmọ Ìjerò-Èkìtì ni. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í pariwo, ó sì máa ń fi ọsàn kan àti ọ̀bẹ kékeré sínú báàgì rẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn tísà yòókù ní pàṣán. Òun ò ní, ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ bà wá ju tiwọn lọ. Tí o bá ṣe ìṣirò lójú pátákó tí kò tọ̀nà, á wò ọ́ títí, á wá ní: “Nu pátákó, kí o tún un ṣe.” Kò ní sọ ibi tí o ti ṣì í fún ọ. Kò ní bú ọ. Wàá nù ún, wàá tún un ṣe, tí kò bá sì tíì tọ̀nà, wàá tún nù ún.

Lọ́jọ́ kan mo wo ìṣirò Múrítàlá, tó jókòó tì mí, mo kọ ọ́ látòkèdélẹ̀. Mo gba márùn-ún nínú márùn-ún. Tísà wo ìwé mi, ó wo ojú mi. Nígbà tí aago ìparí lù, ó ní kí n dúró. Gbogbo ọmọ lọ sílé, ó pè mí síwájú pátákó, ó ní kí n ṣe ìṣirò kìn-ín-ní. Mo nu pátákó lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́jọ́ yẹn. Mò ń sunkún, ṣọ́ọ̀kì ti kún imú mi. Òun jókòó, ó ń bó ọsàn. Ó gé e sí méjì, ó jẹ ìlàjì, ó gbé ìlàjì kejì lé orí rẹ́jísítà. Ìgbà tí mo rí ìṣirò náà ṣe fúnra mi, ó na ìlàjì yẹn sí mi. Kò yìn mí. “Ó tó” ló wí.

Mo fẹ́ sọ pé láti ọjọ́ náà mi ò wo ti ẹnikẹ́ni kọ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ óò rí i níwájú.

Ọdún márùndínlógójì ló fi ṣe tísà. Wọ́n gbé e láti Ìkòtún lọ sí Ìgàndò, wọ́n tún gbé e lọ sí àdúgbò kan tí wọ́n ń pè ní Command. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi í ṣe igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣáà fi kíláàsì kan sílẹ̀ fún òun, torí pé ọ́fíìsì ò lọ́mọ nínú. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Olúwagbénga, ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, òun ló sì ra láptọ́ọ̀pù fún un lọ́dún 2013. Yàrá méjì ló háyà ní Egan.

Ọdún tó fẹ̀yìn tì, mo lọ kí i. Ó jókòó sórí àga ní pálọ̀, ó wọṣọ bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́, bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

“Ẹ ń jáde ni, Tísà?”

“Rárá. Yésúfù, mo ṣì máa ń jí laago márùn-ún. Mo máa wẹ̀, mo máa lọ aṣọ, mo máa wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà mo máa wá jókòó.”

Mo ń retí pé kó sọ ohun tó máa ń ṣe lẹ́yìn ìjókòó náà. Bisikíìtì ló gbé síwájú mi. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mi ò lè jẹ ẹ́.

Lẹ́yìn tí kòrónà ti kọ́ gbogbo ayé bí wọ́n ṣe ń kàwé lórí fóònù ni nǹkan wá yí padà. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Adéṣọlá, tó ń gbé òkè òkun, dá ilé-ìwé sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láti máa kọ́ àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sọ́hùn-ún ní Yorùbá. Ẹnì kan nínú ìjọ Tísà ló mú Tísà mọ obìnrin náà. Wọ́n fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, wọ́n gbà á, wọ́n sì fún un ní ọmọ mẹ́fà. Ọjọ́ Ajé ni ẹ̀kọ́ máa bẹ̀rẹ̀. Tísà ti ra rẹ́jísítà. Rẹ́jísítà odindi, nítorí ọmọ mẹ́fà! Ó ti kọ orúkọ wọn sínú rẹ̀ pẹ̀lú bírò pupa: Jésùtóbi, Miriam, Al-Ameen, Olúfúnkẹ́, Ọlọ́runṣògo, Yahya.

Ọ̀rọ̀ Yahya ló máa ń sọ jù. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Ìyá bàbá rẹ̀ wà ní Òkè-Odò, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ náà ò sì gbọ́ Yorùbá. Tí wọ́n bá pe ara wọn lórí fóònù, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń rín sí ara wọn títí dátà á fi tán.

“Òun ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀,” Tísà wí. “Kó kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń kí ìyá àgbà.”

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Ilé-ìwé Adéṣọlá ní ètò kékeré kan tí wọ́n fi ń yẹ kọ̀ǹpútà gbogbo tísà wò kó tó wọ kíláàsì. Ojúlówó Wíńdòòsì tó ní àṣẹ, ìyẹn ètò tó ń gbé kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, ni wọ́n fẹ́ rí lórí rẹ̀, torí pé àwọn oníjìbìtì ti gba orí kọ̀ǹpútà tísà kan wọ àárín àwọn ọmọ rí. Ọjọ́bọ̀ ni àyẹ̀wò. Kọ̀ǹpútà tí kò bá yege, wọn ò ní ṣílẹ̀kùn fún un, wọ́n á sì gbé àwọn ọmọ náà fún ẹlòmíì.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ yẹn, Tísà gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù mi wá, ó fi táwẹ́ẹ̀lì wé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ bí ọmọ tuntun.

“Yésúfù, bá mi wò ó. Ó ń ṣe nǹkan kan lọ́wọ́ ni wọ́n mú iná lọ, bátìrì ẹ̀ náà ò sì gbé nǹkan mọ́. Láti àná, ojú búlúù ló ń fi wò mí.”

“Nǹkan kékeré ni, Tísà. Mo máa kọ́kọ́ kó fáìlì yín pamọ́, mo máa fọ́ọ̀màtì ẹ̀ kí inú ẹ̀ mọ́, mo máa fi Wíńdòòsì míì sí i. Ẹ wá gbé e lọ́la.”

“Ṣé ojúlówó ló máa jẹ́ ṣá? Wọ́n ní ojúlówó làwọn fẹ́.”

“Háà, Tísà! Ọdún mẹ́rìndínlógún tí mo ti ń ṣe é!”

Ẹ wò ó dáadáa, ẹ óò rí i pé mi ò dáhùn ìbéèrè rẹ̀.

Fuláàṣì kan wà tí mo so mọ́ kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Wíńdòòsì Mẹ́wàá ló wà lórí rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn iléeṣẹ́ ńlá, ẹnì kan tí mi ò mọ̀ sì ti já àgádágodo rẹ̀, kó lè máa ṣiṣẹ́ láìgba àṣẹ, kó tó dé ọwọ́ mi. Òun ni mò ń fi sórí kọ̀ǹpútà gbogbo èèyàn, ti pásítọ̀ àti ti àlàájì, ti ọmọléèwé àti ti ọlọ́pàá. Kò sẹ́ni tó ń béèrè bó ṣe jẹ́, torí pé ó ń ṣiṣẹ́. Òun náà ni mo fi sí ti Tísà. Ọjọ́rú ló wá gbé e, ó wúre fún mi títí tó fi dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń bá a. Tèmi ò tilẹ̀ pé ogún. Laago mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Tísà tún ti dúró sẹ́nu ọ̀nà mi, gèlè rẹ̀ ti tú, kò sì mọ̀.

“Wọ́n ní ayédèrú ni. Mo bẹ Adéṣọlá. Ó ní torí ọjọ́ orí mi, òun fún mi di ọ̀la, aago méjìlá ọ̀sán. Tí kò bá ti wọlé nígbà yẹn, wọ́n á gbé àwọn ọmọ fún ẹlòmíì.”

Ojú ẹsẹ̀ ni mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àyà mi já. Èmi sì rèé, tí àyà mi bá já, inú ló máa ń bí mi. Mo gba láptọ́ọ̀pù náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo dojú rẹ̀ dé, torí pé irú àwọn tí wọ́n rà láyé ìgbà yẹn, bébà pélébé kan máa ń wà nídìí wọn tí wọ́n kọ nọ́ńbà Wíńdòòsì sí. Nọ́ńbà àti lẹ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni. Mo ní tí mo bá rí i, màá fi tún un ṣe, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ̀.

Bébà náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó ti di àwọ̀ epo. Gbogbo ìlà kéékèèké ara rẹ̀ ti pa rẹ́.

“Kí lẹ fi síbí?”

“Òróró ni.”

Nínú ìjọ Tísà, ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú ọdún ni wọ́n máa ń ya irinṣẹ́ sí mímọ́. Télọ̀ á gbé sísọ́ọ̀sì wá, awakọ̀ á mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ wá, ẹni tó ń din puffpuff á gbé agbada ìdínǹkan rẹ̀ wá, pásítọ̀ á sì fi òróró yàn wọ́n. Láti 2013 ni Tísà ti ń gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ lọ. Kò tán síbẹ̀ o. Gbogbo ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù, òun fúnra rẹ̀ máa ń ta òróró sí i, á sì fi àtẹ́lẹwọ́ pa á wọnú.

“Kí ló dé tó fi jẹ́ ìdí ẹ̀ lẹ ń fi sí?”

“Mo ní tí mo bá fi síwájú, á wọnú bọ́tìnnì. Mi ò fẹ́ kó ba nǹkan jẹ́.”

Ibẹ̀ ni mo ti jágbe. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde.

“Tísà! Nọ́ńbà ẹ̀ ló wà níbí yìí! Ẹ ti pa á rẹ́ pátápátá! Báwo lẹ ṣe fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé tiyín ni? Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín bà á jẹ́, jàre!”

Bàrákàt, tó ń ta àpò fóònù nínú ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí tèmi, gbórí sókè. Oníbàárà méjì tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ yíjú sí wa.

“Èmi ni, àbí?” Tísà wí, ohùn rẹ̀ rọ̀.

“Ẹ̀yin ni.”

Ó fi ìka rẹ̀ kan bébà náà, ó wo ìka ọ̀hún.

“Mo rò pé mò ń dáàbò bò ó ni.”

Ó fi láptọ́ọ̀pù náà sílẹ̀ pẹ̀lú báàgì rẹ̀, ó di ọ̀pá àtẹ̀gùn mú, ó ń sọ̀kalẹ̀ ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bàrákàt ò bá mi sọ̀rọ̀ títí ọjọ́ fi rọ̀. Kó tó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló tó yanu.

“Ìyẹn tó ìyá tó bí ẹ, ó tó bẹ́ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, Yésúfù. Kò dáa.”

“Fi mí sílẹ̀ jọ̀ọ́.”

Mo mọ̀ pé kò dáa. Ohun tí Bàrákàt ò mọ̀ ni pé irọ́ wà nídìí ariwo tí mo pa yẹn. Òróró pa nọ́ńbà rẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe nọ́ńbà ni Adéṣọlá kọ̀. Ayédèrú tí mo fi síbẹ̀ ló kọ̀.

Mo ṣí báàgì Tísà láti wá wáyà ìgbaná, ìwé kan sì jáde. Ìwé olójú-ewé ọgọ́ta ni, ó ti fi bébà brown dì í bí ìwé ọmọléèwé. Gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí láptọ́ọ̀pù náà ló kọ síbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti oṣù, bí tísà ṣe ń kọ ìwé ìmúrasílẹ̀ ẹ̀kọ́. Ọjọ́ tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi lẹ́tà ránṣẹ́. Ọjọ́ tí eku jẹ wáyà rẹ̀. Mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń ṣí i, títí mo fi dé ibì kan:

“Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹfà, 2016. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí kọ̀ǹpútà yìí ti ń bi mí bóyá mo fẹ́ gba Wíńdòòsì Mẹ́wàá lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí, torí pé ohun ọ̀fẹ́ kì í ṣe ohun à ń sáré gbà. Mo gbàdúrà sí i. Lónìí mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó gba wákàtí márùn-ún, onílé tan jẹnẹrétọ̀ fún mi. Nígbà tó parí, mo wo ibi tí Gbénga ní kí n wò. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti ní àṣẹ. Kò béèrè nọ́ńbà kankan lọ́wọ́ mi. Mo dúpẹ́.”

Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò béèrè nọ́ńbà kankan lọ́wọ́ mi.

Mo wá rántí. Lọ́dún tí wọ́n ń pín Wíńdòòsì Mẹ́wàá lọ́fẹ̀ẹ́, mo kà á níbì kan pé ẹni tó bá ní ojúlówó ti tẹ́lẹ̀, tó sì gba ti ọ̀fẹ́ yẹn sórí rẹ̀, àwọn tó ṣe é máa ń kọ àmì bọ́ọ̀dù inú kọ̀ǹpútà náà sínú ìwé tiwọn lọ́hùn-ún. Láti ìgbà náà, ẹ ò nílò nọ́ńbà mọ́. Ẹ lè nu gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ kúrò, ẹ lè fi òmíràn sí i, tí ẹ bá ti gbé e dé orí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á dá a mọ̀, wọ́n á dá àṣẹ rẹ̀ padà fún un. Mo kà á nígbà náà, mo sì gbàgbé rẹ̀, torí pé kò kàn mí. Ta ló ní ojúlówó nínú àwọn oníbàárà mi?

Nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí èèyàn ṣọ́: irú kan náà tí wọ́n fún un lẹ gbọ́dọ̀ dá padà síbẹ̀. Ti ilé wà, ti iléeṣẹ́ ńlá wà. Ti iléeṣẹ́ ńlá ló wà lórí fuláàṣì mi. Mo tún dojú láptọ́ọ̀pù náà dé, mo tan iná fóònù sí bébà olóróró yẹn. Àwọn nọ́ńbà wínníwínní ti lọ, ṣùgbọ́n àkọlé gàdàgbà òkè rẹ̀ ṣì hàn, ó ní ti ilé ni.

Ìyẹn ni pé ká ní mo ti ṣe ohun tí Tísà ní kí n ṣe lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ká ní mo fi ojúlówó ti ilé sí i, ì bá ti yege láìsí wàhálà. Òróró ọdún mẹ́jọ kò ṣe kọ̀ǹpútà náà ní nǹkan kan. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ti wákàtí kan ló bà á jẹ́. Ojú tì mí, èmi nìkan nínú ṣọ́ọ̀bù.

Aago méje àárọ̀ Jímọ̀ ni mo ti ṣílẹ̀kùn. Mo lọ sórí ojúlé àwọn tó ṣe Wíńdòòsì fúnra wọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba èyí tó tọ́ sórí kọ̀ǹpútà mi. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fà bí ìgbín. Tísà dé laago mẹ́sàn-án, ó kí mi, ó kí Bàrákàt, ó jókòó sórí àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Aago mẹ́wàá ààbọ̀ ni ó tó wọlé tán. Mo nu gbogbo ohun tí mo fi síbẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Nígbà tó dé ibi tó ti ń béèrè nọ́ńbà, mo tẹ ibi tí wọ́n kọ sí pé mi ò ní. Ó ní irú èwo? Mo mú ti ilé.

Aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú ló parí. Mo lọ síbi tí àṣẹ máa ń wà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò ní àṣẹ.

“Kí ló wí?” Tísà béèrè.

“Ẹ ní sùúrù, mà. Kò tíì dé orí íńtánẹ́ẹ̀tì.”

Mo ṣí dátà fóònù mi fún un. A dúró. Tísà di etí tábìlì mú, ètè rẹ̀ ń mì, mo gbọ́ orúkọ Jésù, mo gbọ́ orúkọ Yahya. Èmi náà ń ṣe bísímílà lábẹ́ ahọ́n. Bàrákàt ti kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ó ti wá dúró sẹ́yìn mi. Ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú méjì. Lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ yẹn yí padà lójú wa, láìsí ariwo kankan. Ó ní òun ti ní àṣẹ.

Mo sáré ṣí ètò àyẹ̀wò ilé-ìwé náà. Ó yí po, ó yí po, ó tan iná àwọ̀ ewé. Fóònù Tísà dún kó tó pé ìṣẹ́jú mẹ́ta.

“Ẹ kú oríire, mà,” ohùn Adéṣọlá jáde nínú rẹ̀. “Ẹ ti wọlé. Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti Nàìjíríà o.”

Bàrákàt pariwo. Tísà ò pariwo. Ó yọ rẹ́jísítà jáde nínú báàgì ọwọ́ rẹ̀, ó ṣí i, ó wo orúkọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó pa á dé. Omijé wá bọ́ lójú rẹ̀.

“Yésúfù, Ọlọ́run á bá mi san án fún ọ. Mo sì ti gbọ́ ẹ̀kọ́ tèmi. Mo ti lọ bá pásítọ̀ lánàá, mo ní kó fún mi láàyè lọ́jọ́ Àìkú. Mo máa dìde láàárín àwọn obìnrin, mo máa sọ fún wọn pé kí wọ́n yé fi òróró sí kọ̀ǹpútà. Ẹni tó jìn sí kòtò, kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Àṣìṣe mi ni, mo máa fẹnu ara mi sọ ọ́.”

Mo ti mú búútà dání láti lọ ṣe àlùwàlá. Wọn ò ní pẹ́ pe ìrun Jímọ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, ó ṣeé fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ti yọrí, inú gbogbo èèyàn dùn, òróró ò sì lẹ́nu tó máa fi ní òun kọ́. Mo wo obìnrin yìí, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, tó fẹ́ lọ dúró níwájú ìjọ kó jẹ́wọ́ ẹ̀bi mi bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Mo gbé búútà sílẹ̀.

“Tísà, òróró kọ́.”

“Kí lo wí?”

“Èmi ni. Ayédèrú ni mo fi sí i lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ bi mí bóyá ojúlówó ni, mi ò dáhùn. Nígbà tí wọ́n wá dá a padà, ẹ̀rù bà mí, mo wá di ẹ̀bi ẹ̀ rù yín. Òróró yín ò ṣe nǹkan kan. Ẹ forí jì mí.”

Mo dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà, láàárín àwọn wáyà.

Nígbà tí mo gbójú sókè, Tísà ń wò mí. Ojú yẹn kan náà ni, ojú iwájú pátákó. Mo padà di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

“Ṣé o ti nu ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun kúrò?”

“Mo ti nù ún, mà.”

“Ìwọ lo ṣe èyí tó wà níbẹ̀ báyìí fúnra rẹ?”

“Èmi ni, mà.”

Mo ń retí “Ó tó.” Kò sọ ọ́. Ó yíjú sí pákó tí mo ń to láptọ́ọ̀pù àwọn oníbàárà sí. Mẹ́rin ló wà níbẹ̀ tí mo ti ṣe tán, tí wọ́n máa wá gbé.

“Àwọn ìyẹn ńkọ́?”

Ó tún béèrè.

“Àwọn tó ti lọ ńkọ́?”

Ó ti ọwọ́ bọ báàgì rẹ̀, ó yọ ọsàn kan àti ọ̀bẹ. Ó bó o, kò kánjú. Ó gé e sí méjì, ó jẹ ìlàjì. Ìlàjì kejì, ó nawọ́ rẹ̀ kọjá lórí mi, ó gbé e fún Bàrákàt.

Tísà ti ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ láti ìgbà náà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìyá àgbà tó wà ní Òkè-Odò gbé fóònù sétí, Yahya sì ní: “Ìyá àgbà, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ṣé ẹ ti jẹun?” Wọ́n ní ìyá náà sunkún, ó ní òun ti jẹun, irọ́ ni, kò tíì jẹun. Òróró náà ṣì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n orí ìdérí láptọ́ọ̀pù náà ni Tísà ń fi sí báyìí, torí pé mo bẹ̀ ẹ́.

Èmi ńkọ́? Mo ti sọ fuláàṣì yẹn sínú ṣálángá. Mo ní ìwé kan tí mo kọ orúkọ gbogbo oníbàárà tí mo bá rántí sí, mo sì ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń sọ ohun tí mo fi sórí kọ̀ǹpútà wọn fún wọn, mò ń ní kí wọ́n gbé e padà wá kí n tún un ṣe. Àwọn kan bú mi. Ọlọ́pàá yẹn rẹ́rìn-ín. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, kí n tó lọ kírun, Tísà máa ń wọ ọkọ̀ kórópe láti Egan wá, á jókòó sórí àpótí, á bó ọsàn rẹ̀.

“Ó ku mélòó?”

“Mọ́kàndínlógójì, mà.”

Á jẹ ìlàjì. Ìlàjì tèmi, Bàrákàt ló ṣì ń jẹ ẹ́.